Jíìnì Kì Í Jókòó Sójú Kan: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwa Ará Èkìtì

Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn àgbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òbí tó ń palẹ̀ ìgbéyàwó ọmọ mọ́ máa ń bi mí jù lọ. Kò pọn dandan kí ẹ kà á tẹ̀léra. Ẹ lọ síbi tí ọ̀rọ̀ tiyín wà.

Kí ni jíìnì? Kí sì ni ẹ ń pè ní ìrìn rẹ̀?

Jíìnì ni ogún tí bàbá àti ìyá fi sínú ara ọmọ. Òun ló ń pinnu bóyá hóró àgbàdo yóò pupa tàbí yóò funfun, bóyá ẹ̀jẹ̀ ọmọ yóò jẹ́ AA tàbí AS. Ìdajì rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ènìyàn kan, ẹranko kan, èso kan tàbí eruku òdòdó kan bá kúrò nínú agbo tirẹ̀, tó dé inú agbo mìíràn, tó sì bímọ síbẹ̀, jíìnì ti rìn nìyẹn. Ohun tí agbo kejì kò ní tẹ́lẹ̀ lè di tirẹ̀ báyìí, àwọn agbo méjèèjì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Ṣé ẹni tó bá ti ṣí lọ sí ìlú mìíràn ti gbé jíìnì rẹ̀ débẹ̀ nìyẹn?

Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò tó lo ogún ọdún ní Ọjà Ọba ní Adó, tó padà sílùú rẹ̀ láìbímọ sí Adó, kò fi jíìnì kankan sílẹ̀. Ọmọ bíbí ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Àgbàdo funfun ni mo gbìn. Kí ló dé tí hóró pupa fi wà nínú rẹ̀? Ṣé wọ́n ta ayédèrú irúgbìn fún mi ni?

Ó ṣeé ṣe kí irúgbìn náà má ní àbùkù rárá. Ẹ bó àgbàdo kan kí ẹ wò ó dáadáa. Irun tó yọ jáde lórí rẹ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló so mọ́ hóró kan ṣoṣo. Hóró tí irun rẹ̀ kò bá rí eruku òdòdó gbà kò ní gbó, ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí àgbàdo tó léjì káàkiri bíi pé eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀. Orí ìrùkẹ̀rẹ̀ tó wà ní ṣóńṣó igi àgbàdo ni eruku náà ti ń wá, atẹ́gùn ló sì ń gbé e.

Bí irun kan bá gba eruku láti ara àgbàdo pupa aládùúgbò yín, hóró tó wà nídìí irun yẹn á pupa lọ́dún yẹn gan-an, nítorí pé jíìnì tó ń mú hóró pupa máa ń borí ti funfun. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó gba eruku láti inú oko tiyín, á funfun. Nítorí náà ìyá kan ṣoṣo ni gbogbo hóró tó wà lára àgbàdo kan ní, ṣùgbọ́n bàbá wọn lè tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ibòmíràn tí mo mọ̀ tí ojú lásán ti lè rí ìrìn jíìnì kedere tó báyìí. Ẹ mú àgbàdo mẹ́wàá níbi ààlà oko, ẹ mú mẹ́wàá ní àárín gbùngbùn, kí ẹ ka hóró pupa lára wọn. Ti ibi ààlà ló máa ń pọ̀ jù, pàápàá lápá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá.

Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bo irúgbìn àgbàdo tí àwọn bàbá mi fi sílẹ̀?

Eruku àgbàdo wúwo. Ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ kì í rìn jìnnà sí igi tó ti jáde, bí oòrùn bá sì mú, wákàtí díẹ̀ péré ló ní kó tó kú. Àwọn tó ń pèsè irúgbìn fún títà máa ń fi bíi 200 mítà sáàárín irú àgbàdo kan àti òmíràn. Mo mọ̀ pé àwọn oko wa ní Èkìtì kéré, wọ́n sì fara kanra, kò rọrùn fún ọ̀pọ̀ yín láti rí 200 mítà. Ìyẹn ni mo fi máa ń sọ pé kí ẹ lo àkókò dípò àyè: bí aládùúgbò bá ti gbin tirẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin sí i kí ẹ tó gbin tiyín, kí ìrùkẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ti gbẹ kí irun tiyín tó yọ. Ẹ bá a sọ ọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún lè gba irúgbìn àtìrandíran là.

Nígbà ìkórè, àárín oko ni kí ẹ ti mú irúgbìn. Ẹ má mú un lára àgbàdo kan tàbí méjì tó tóbi jù. Ẹ mú díẹ̀díẹ̀ lára ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ẹni tó bá ń mú irúgbìn lára àgbàdo méjì péré lọ́dọọdún, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló ń so pọ̀, àgbàdo rẹ̀ á sì máa rẹ̀yìn.

Iṣu ńkọ́? Ṣé iṣu náà máa ń dàpọ̀ báyìí?

Bí a ṣe ń gbin iṣu, rárá. Iṣu tí ẹ fi èèbù gbìn ni iṣu àná gan-an, kò ní bàbá tuntun. Èèbù lè kúrò ní Ìkọ̀lé dé Ìlawẹ̀ kó sì máa jẹ́ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣu ń tanná. Akọ iṣu wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, kòkòrò kéékèèké ló ń gbé eruku láàárín wọn, èso tó bá sì jáde níbẹ̀ á di iṣu tí ẹnikẹ́ni kò tíì jẹ rí. Ní ilẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kan ṣì ń wa iṣu inú igbó wá sí oko, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan títí ara rẹ̀ yóò fi rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú iṣu tí wọ́n ń mú wálé bẹ́ẹ̀ ti ní ẹ̀jẹ̀ iṣu oko nínú tẹ́lẹ̀, jíìnì tó bọ́ sínú igbó ń padà wá sóko. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 sọ pé ara iṣu igbó kìjikìji ni iṣu funfun wa ti jáde, ní agbègbè Odò Ọya. Òmíràn tó jáde ní 2020 sọ pé iṣu igbó àti iṣu ọ̀dàn ló pàdé tí wọ́n bí i. Èyí ó wù kó jẹ́, ilẹ̀ wa ni ìran iṣu tí a fi ń gúnyán ti ṣẹ̀, mo sì rò pé ó yẹ kí ọmọ Èkìtì kọ̀ọ̀kan gbọ́ èyí kó tó jáde níwèé mẹ́wàá.

Àlejò mélòó ló gbọ́dọ̀ wọ inú agbo kí ó tó já mọ́ nǹkan?

Ìdáhùn rẹ̀ máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ní 1931, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Sewall Wright gbé ìṣirò kan jáde tó fi hàn pé ẹyọ àlejò kan péré ní ìran kọ̀ọ̀kan, tó bá sáà ti bímọ, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti má ṣe jẹ́ kí àwọn agbo méjì yàtọ̀ síra pátápátá. Iye agbo náà kò sì yí i padà, ì báà jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú agbo kékeré, jíìnì lè sọnù nítorí oríire àti oríburúkú lásán: ẹni tó gbé e kú láìbímọ, ó parí. Agbo kékeré ń tètè yàtọ̀ sí àwọn tó kù nípa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò kan nínú agbo kékeré jẹ́ ìpín ńlá. Nínú agbo ńlá, àlejò kan kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n agbo ńlá náà kì í tètè yí padà. Ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú èkejì.

Kí ẹ má ṣì í gbọ́ o: jíìnì tí kò ṣe oore, tí kò sì ṣe ibi ni ìṣirò yìí wà fún. Bí ibi tí agbo kan ń gbé bá ń pa àwọn tó ní jíìnì kan, àlejò lè máa kó o wọlé lójoojúmọ́, kò ní gbilẹ̀.

Láàárín àwa ènìyàn, ta ló ń gbé jíìnì kiri jù?

Àwọn ìyàwó ni. Ní ìlú wa, ilé ọkọ ni obìnrin ń lọ. Ọmọ Ìjerò délé ọkọ ní Ọ̀yẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin délé ọkọ ní Òmùò, ọmọ-ọmọ rẹ̀ délé ọkọ ní Ọ̀tùn. Bàbá ọkọ kò kúrò ní agboolé rẹ̀. Bí ìran mẹ́wàá bá ti kọjá, ẹ̀jẹ̀ gbogbo àwọn ìlú wọ̀nyí ti wọnú ara wọn, bí ọba wọn àti ọjọ́ ọdún wọn tilẹ̀ yàtọ̀.

A lè rí i nínú ara. Àwọn jíìnì kan wà tí ìyá nìkan ń fún ọmọ, òmíràn wà tí bàbá nìkan ń fún ọmọkùnrin. Níbi tí obìnrin bá ti ń lọ sílé ọkọ, ti ìyá máa ń tàn káàkiri àwọn ìlú, ti bàbá á sì dúró sójú kan. Wọ́n wò ó láàárín àwọn ẹ̀yà orí òkè ní Táílàǹdì, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2001: níbi tí ọkùnrin ti ń lọ gbé nílé ìyàwó, ọ̀rọ̀ náà yí padà síkejì.

Ogun náà gbé e. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886, ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ṣáájú rẹ̀ àti nígbà rẹ̀, wọ́n kó àwọn ará Èkìtì lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà. Wọ́n bímọ síbẹ̀, ọmọ wọn sì di ọmọ Ìbàdàn. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá rí i tí àwọn ọ̀dọ́ ń bú ara wọn lórí ogun yẹn, nígbà tó ṣeé ṣe kí ìyá ńlá ẹni tí wọ́n ń bú jẹ́ ọmọ ìlú wọn.

Lóde òní ẹ wo àwọn àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà tó ń dáko iṣu káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀bìrà, tó ń sọ èdè Èkìtì bí ẹni tí wọ́n bí sí ààfin, wà ní ọ̀pọ̀ abúlé. Èdè lè rìn láìsí jíìnì, jíìnì sì lè rìn láìsí èdè.

Ṣé àyẹ̀wò DNA lè sọ pé ará Ẹ̀fọ̀n ni mí, pé n kì í ṣe ará Aràmọkọ?

Kò lè sọ ọ́. Nígbà tí iṣẹ́ àgbáyé tó ń wo ìyàtọ̀ inú jíìnì àwọn ènìyàn, tí wọ́n ń pè ní HapMap, bẹ̀rẹ̀ ní 2002, àwọn Yorùbá tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ìdílé 30 ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá, ọmọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gba ti àwọn ará Ẹ̀sán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Yorùbá àti Ẹ̀sán kéré gan-an, ká má tíì sọ ti ìlú méjì tí ọ̀kadà lè gbé yín débẹ̀ kí agogo tó lù. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ilé yín ni kí ẹ ti bèèrè oríkì àti orírun. Yàrá àyẹ̀wò kò mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Ẹnúgu ni àfẹ́sọ́nà ọmọbìnrin mi. Ṣé kò wá sí ìdí fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ́, níwọ̀n ìgbà tí wọn kì í ṣe ẹbí?

Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Jíìnì S tó ń fa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti rìn dé ibi gbogbo nílẹ̀ Nàìjíríà. Bí ẹni kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún lára wa ló jẹ́ AS. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 sọ pé ara ẹnì kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Áfíríkà, ní nǹkan bíi 7,300 ọdún sẹ́yìn. Nítorí pé ẹni tó jẹ́ AS máa ń lágbára ju ẹni AA lọ láti la ibà já, àwọn ọmọ rẹ̀ ń yè, wọ́n ń gbéyàwó lọ sílùú mìíràn, jíìnì náà sì ń bá wọn lọ. Òwò ẹrú gbé e kọjá òkun dé Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà. Irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa wà lára àwọn ará Sicily àti Gíríìsì pẹ̀lú.

Jíìnì C ni ọ̀pọ̀ òbí kì í rántí. Àárín gbùngbùn rẹ̀ ni Burkina Faso àti àríwá Ghana. Ó tàn dé ọ̀dọ̀ àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti sọdá Odò Ọya sápá ìlà-oòrùn, ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Nítorí náà ọmọ yín lè jẹ́ AC láìmọ̀, kí ọmọ Ẹnúgu jẹ́ AS. Oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé ọmọ yóò jẹ́ SC, àrùn nìyẹn náà. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ sì rí i pé C wà lára ohun tí wọ́n wò.

Òótọ́ ni pé ìgbéyàwó sí ọ̀nà jíjìn ń dín àwọn àrùn ìdílé tó ṣọ̀wọ́n kù. S kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ló mú tirẹ̀ yàtọ̀.

Ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yà ènìyàn mìíràn ti dàpọ̀ mọ́ wa nígbà láéláé?

Òótọ́ ni. Ní 2010 ni onímọ̀ jíìnì kan, Svante Pääbo, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àwọn ènìyàn bíi tiwa bá àwọn Neanderthal, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ kan tó ti run, bímọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Bíi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún jíìnì àwọn tí kì í ṣe ọmọ Áfíríkà ti wá láti ibẹ̀. Tiwa kéré sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn kan yẹ jíìnì àwọn Yorùbá àti àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mìíràn wò, wọ́n sì rí àmì ẹ̀yà kan tí a kò tíì rí egungun rẹ̀ rí. Wọ́n ṣírò ìpín rẹ̀ sí ìdá 2 sí 19 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nítòsí wa níbí, ní Ihò Ẹlẹ́rù lẹ́bàá Ìsàrun ní Ìpínlẹ̀ Òndó, wọ́n wú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965. Ọjọ́ orí rẹ̀ tó bí 13,000 ọdún, agbárí rẹ̀ sì dà bíi ti ẹni tó pẹ́ ju ìyẹn lọ fíìfíì. Mi ò sọ pé òun ni ẹ̀yà tí wọ́n ń wá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú igbó tiwa níbí ni ọ̀kan nínú àwọn egungun tí àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé lórí ti jáde.

Ṣé kí n mú òbúkọ ńlá láti òkè Ọya wá fún ewúrẹ́ mi?

Ọmọ wọn á ga, á sì wúwo ju ìyá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ní ohun kan tí òbúkọ yẹn kò ní: ara rẹ̀ ti mọ àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé. Bákan náà ni màlúù kékeré aláìníké tí àwọn baba wa ń sìn. Wọ́n ti ń so ó pọ̀ mọ́ màlúù Fúlàní oníké láti ọjọ́ pípẹ́, ọmọ wọn ni à ń pè ní Kétéku. Bí ẹ̀jẹ̀ oníké bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára láti kojú àìsàn yẹn ń dín kù. Bí ẹ bá fẹ́ ẹran tó tóbi, ẹ so díẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìsopọ̀. Ẹni tó bá so gbogbo agbo rẹ̀ pọ̀ tán kò lè rí ti àtijọ́ mú padà.

Kí ló kan ẹ̀fọn nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó kàn án gan-an. Jíìnì kan wà tí kì í jẹ́ kí oògùn ara nẹ́ẹ̀tì pa ẹ̀fọn. Ó wà lára irú ẹ̀fọn kan tó ń gbé ibà, Anopheles gambiae, ó sì bọ́ sára ìbátan rẹ̀, Anopheles coluzzii, nítorí pé àwọn méjèèjì máa ń gun ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti di dandan láti fi èròjà kejì kún oògùn inú ọ̀pọ̀ nẹ́ẹ̀tì tuntun. Ẹ má torí èyí pa nẹ́ẹ̀tì tì o. Ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀ ṣì sàn ju ẹni tó sùn síta lọ.

Àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n tún jíìnì wọn ṣe ńkọ́?

Nàìjíríà fọwọ́ sí ẹ̀wà tí kòkòrò Maruca kò lè jẹ ní 2019, ó sì fọwọ́ sí àgbàdo TELA, èyí tí wọ́n tún ṣe kó lè kojú kòkòrò àti ọ̀dá, ní 2024. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò dọ́gba lójú mi. Ẹ̀wà máa ń fi eruku ara rẹ̀ so kí òdòdó rẹ̀ tó ṣí, nítorí náà díẹ̀ ni jíìnì rẹ̀ ń rìn. Àgbàdo kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ohun tí atẹ́gùn ń fi eruku rẹ̀ ṣe. Bí aládùúgbò bá gbìn ín, díẹ̀ nínú rẹ̀ á wọ oko yín. Mi ò sọ pé májèlé ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń gbìn ín yẹ kó sọ fún ẹni tó bá a pààlà, kí ẹni tó fẹ́ pa irúgbìn àtijọ́ mọ́ lè mọ ọjọ́ tí yóò gbin tirẹ̀.

Wọ́n ní ìnàkí (chimpanzee) ṣì wà nínú igbó ìjọba ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Kí ni ìrìn jíìnì fẹ́ ṣe fún wọn?

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọn kò sì pọ̀. Irú ìnàkí yìí, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ló ní in ní gbogbo ayé, gbogbo wọn pátá kò sì tó 9,000. Láàárín ìnàkí, abo ló ń kúrò nílé: bó bá ti bàlágà, á fi agbo tí wọ́n bí i sí sílẹ̀ lọ wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ibo ni ti Ìsẹ̀ fẹ́ lọ? Oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́, títì àti ìlú ló yí igbó náà ká. Bí kò bá sí ibi tí yóò lọ, àárín ẹbí ni yóò máa bímọ sí, jíìnì tó ní àbùkù á máa pàdé ara rẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa kú.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, ẹranko panther, irú ológbò igbó ńlá kan, kù bíi 20 sí 30, ìrù wọn ká, ọkàn àwọn kan ní àbùkù láti inú oyún. Ní 1995 wọ́n mú abo mẹ́jọ wá láti Texas. Àwọn márùn-ún bímọ, àwọn ọmọ náà lera, agbo náà sì kọjá ọgọ́rùn-ún kí ọdún púpọ̀ tó lọ.

A kò lè máa gbé ìnàkí kiri bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́n jù, wọ́n sì máa ń pa àlejò. Ohun tí apá wa ká ni igbó etí odò. Bí àwọn tó dáko nítòsí bá fi igi etí odò sílẹ̀ láìgé, tí ó so igbó kan mọ́ òmíràn, ọ̀nà ti wà. Kí àwọn ọdẹ sì fi wọ́n sílẹ̀. Abo kan tí ọdẹ bá pa lè jẹ́ èyí tó ń lọ sí agbo tuntun.

Ọmọ mi fẹ́ ka ẹ̀kọ́ yìí ní yunifásítì. Kí ló yẹ kó ṣe?

Kó mú Biology, Chemistry, Mathematics àti English dáadáa ní WAEC, kó sì fi Physics kún un. Kò pọn dandan kó lọ jìnnà. Yunifásítì ìpínlẹ̀ ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì. Mathematics ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń sá fún, òun gan-an sì ni iṣẹ́ yìí ń lò jù. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró àgbàdo: kó kà á níbi ààlà, kó kà á láàárín oko, kó kọ ọ́ sílẹ̀.